Ihò Kẹsàn-án Lára Ìgbànú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń kọ èyí. Ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn tó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n fi símẹ́ńtì di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi ò mọ̀wé, òun ò lè rìn. Àwa méjèèjì para pọ̀ di ènìyàn kan. Ẹlẹ́sẹ̀ Símẹ́ńtì ni mò ń pè é. Ó ní òun ò ní kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́.

Ìdí tí mo fi ní kó máa kọ: mo parọ́ lónìí. Ẹni tó bá parọ́ gbọ́dọ̀ rántí ohun tó sọ, orí mi ò sì gba ẹrù púpọ̀ mọ́.

Ọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù awọ mi láti ẹgbẹ́ oníjàkadì. Bàtà rẹ̀ ń ké bí ọmọ eku — awọ burúkú, ẹni tó rán an náà ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Orúkọ tí mo fún un nìyẹn: Bàtà-Ń-Ké. Ó gbé ìgbànú tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá borí wá. Ìgbànú náà gan-an, èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Wọ́n ń tún gbọ̀ngàn ìjàkadì àtijọ́ ṣe. Wọ́n fẹ́ gbé ìgbànú sínú àpótí onígíláàsì, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kọ orúkọ gbogbo ẹni tó gbà á sára ògiri. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún, ni ayẹyẹ. Ó ní kí n bọ́ awọ àtijọ́ dànù, kí n fi èyí tó ń dán sí i.

Ó ka ihò ara rẹ̀. Mẹ́sàn-án. Ó ní òun mọ ẹni tó ni mẹ́jọ. "Ìyá, ta ló wá ni ti inú lọ́hùn-ún yìí? Ìbàdí ta ló kéré tó báyìí?"

Mo ní ọwọ́ mi ló ṣìnà.

Ẹlẹ́sẹ̀ Símẹ́ńtì gbé orí sókè wò mí. Ó mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í ṣìnà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Bàtà-Ń-Ké tún dé, pẹ̀lú ìwé. Ó fẹ́ ìtàn. Ohun tí mo sọ fún un nìyí.

Sójà lẹni àkọ́kọ́. Òun ni mo gé awọ náà fún. Inú rẹ̀ tó àgbá omi. Ọdún méjì. Orúnkún rẹ̀ ló lé e kúrò nídìí iṣẹ́, kì í ṣe ènìyàn.

Ẹlẹ́ran ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń pa màlúù láàárọ̀, ó ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ nírọ̀lẹ́. Òógùn rẹ̀ ń jẹ awọ bí iyọ̀. Oṣooṣù ni mò ń fi òróró pa á.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ìbejì. Ìwé ẹgbẹ́ sọ pé ẹnì kan ni. Méjì ni. Bó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á wọ̀ ọ́ jáde, èrò ò ní mọ̀. Ìbàdí wọn ò yàtọ̀, ihò kan náà ló gba àwọn méjèèjì. Bàtà-Ń-Ké rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ò ní kọ ìyẹn. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ni bíírò wà.

Lẹ́yìn Ìbejì, Ògiri. Ọkọ mi, olóògbé. Ọdún méje.

Lẹ́yìn Ògiri, Pásítọ̀, tó máa ń gbàdúrà fún ẹni tó bá fẹ́ fọ́ léyín. Ikùn rẹ̀ ò mọ ààwẹ̀: ihò mẹ́ta lọ́dún kan. Ọmọ Dẹ́rẹ́bà ló kẹ́yìn wọn, arẹwà, aláṣejù. Ó gbé ìgbànú sá lọ sókè òkun. Oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó rí i gbà padà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ti gbọ̀ngàn.

Bàtà-Ń-Ké kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọkọ mi. Ó kà á fún mi: "Ọdún méje, ìgbànú kò bọ́ ní ìbàdí rẹ̀." Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n máa kọ ọ́ sára ògiri. Mo bá a ṣí ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo nu irin góòlù iwájú ìgbànú. Kì í ṣe góòlù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ọmọ mi obìnrin wá, ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ Símẹ́ńtì. Ọ̀gá ilé ìwé ni, ó máa ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọn ò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ti ní kó wá sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí bàtà. "Fún ọdún méje, ẹ̀yìn bàbá mi kò kan ilẹ̀."

Ó ní, "Màámi, ẹ máa dìde kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún yín o." Mo ní orúnkún mi kì í dìde nítorí àtẹ́wọ́. Ó ní ṣé n ò fi ń yangàn pé èmi ni ìyàwó Ògiri ni? Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí awọ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Aláǹgbá wá.

Mo ti rò pé ó ti kú. Ó wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń mi orí bó ṣe máa ń mi ín. Ẹlẹ́sẹ̀ Símẹ́ńtì ò mọ̀ ọ́n, nítorí náà kí n ṣàlàyé. Nígbà ayé ìjàkadì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣubú. Ẹni tó ni eré náà — Aláṣẹ ni gbogbo wa ń pè é — ló sọ ọ́ ní Aláǹgbá, kí èrò lè rí nǹkan fi ṣẹ̀fẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wọ́n á gbé e ṣánlẹ̀, á dìde, á gbọn eruku ara rẹ̀, á gba ilé lọ. Àga ló ń tún ṣe báyìí, ó ń hun ìjókòó wọn.

Ó ní, "Ìyàwó Ògiri, ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo ní, "Aláǹgbá, o ò tíì kú?"

Ó ní àgbà ló ń ṣáájú lọ́nà, òun ń dúró dè mí. A rẹ́rìn-ín. Ó jókòó.

Ó ní òun ò wá tọrọ nǹkan kan. Dókítà ti sọ fún òun pé orí òun ń jò bíi garawa tó lu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá òun ṣi ọ̀nà ilé ara òun. Àwọn ọmọ òun ní gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbànú tí òun máa ń sọ, àìsàn ló ń sọ ọ́. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni o. Èmi gan-an ò dá ara mi lójú mọ́. Nínú àwọn tó mọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ kù. Ẹ sáà sọ fún mi: ó ṣẹlẹ̀, àbí kò ṣẹlẹ̀?"

Ìgbànú wà lórí tábìlì, mo fi aṣọ bò ó. Bó bá na ọwọ́, á kàn án.

Mo ní mi ò rántí.

Ó mi orí. Ó ní ẹ ṣeun. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí ẹnu ọ̀nà.

Irọ́ kejì nìyẹn. Kọ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní òjò ni. Òjò ò rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ní kí Ẹlẹ́sẹ̀ Símẹ́ńtì gbé agolo bisikíìtì wá lórí pẹpẹ. Ó fi ẹsẹ̀ kan tọ débẹ̀ bí adìẹ. Okùn méje ló wà nínú rẹ̀.

Mi ò mọ nọ́ńbà kọ. Okùn ni mo fi ń wọn ìbàdí, mo sì máa ń ta kókó sí i kí n lè mọ ẹni tó ni ín. Sójà, kókó kan. Ẹlẹ́ran, méjì. Ìbejì, mẹ́ta. Ògiri, mẹ́rin. Pásítọ̀, márùn-ún, mo sì ti so okùn mọ́ okùn lẹ́ẹ̀mejì nítorí ikùn rẹ̀. Ọmọ Dẹ́rẹ́bà, mẹ́fà. Èyí tó kúrú jù ò ní kókó rárá.

Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo máa ń wọ̀n wọ́n.

Ọmọ yìí gbọ́n. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni láti ohun tó lé ní ogójì ọdún ló béèrè. Mo sọ ọ́ fún un: kí wọ́n tó jà ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, Aláṣẹ á ránṣẹ́ sí mi: lọ wọn Ẹlẹ́ran. Mo ti mọ̀ nìyẹn pé Sójà máa ṣubú. Wọn ò fẹ́ kí ìgbànú yọ̀ bọ́ lójú èrò, nítorí náà ihò gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ de ẹni tó máa wọ̀ ọ́.

Bíírò dúró. Ó ní, "Bàbá àgbà náà ńkọ́?"

Mo ní inú ilé yìí ni mo ti wọ̀n wọ́n. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n fàyè sílẹ̀ fún oúnjẹ alẹ́.

Ó ní, "Wọn ò borí nígbà náà."

Mo ní wọ́n ṣiṣẹ́. Kí ọkùnrin tó wúwo bí àpò símẹ́ńtì mẹ́ta fò lé ọ láyà, kó má pa ọ́, kí ìwọ náà má pa á — iṣẹ́ ni. Èjìká wọn yẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Eyín mẹ́ta lọ. Mi ò sọ pé ẹ̀tàn ni. Mo ní ìwọ̀n ló ń kọ́kọ́ dé, kí ìjà tó dé.

Okùn tí kò ní kókó ńkọ́? Òun nìkan ni ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́ rẹ̀.

Ọdún kẹta Ògiri ni. Bàbá Aláǹgbá, àgbẹ̀, ò tíì rí i kí ọmọ rẹ̀ jà rí. Lọ́jọ́ yẹn ó wá, ó jókòó níwájú pátápátá pẹ̀lú fìlà lórí orúnkún. Èmi náà wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kẹrin ló yẹ kí Aláǹgbá ṣubú. Kò ṣubú. Ògiri sọ fún un ní etí pé, "Ṣubú, ó ti tó." Ó dáhùn pé, "Bàbá mi ń wò." Ògiri rò pé àwàdà ni. Ó fi gbogbo agbára rọ́ lù ú. Aláǹgbá yọ́ gba abẹ́ apá rẹ̀, ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó dá a dùbúlẹ̀, ó sì jókòó tì í láyà. Adájọ́ ti kà dé ẹẹ́ta, ìjà ti parí, kó tó rántí pé kò yẹ kóun kà.

Lọ́jọ́ kejì Aláǹgbá gbé ìgbànú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Okùn bàtà ló fi so ó mọ́ra, ó ń yọ̀ bọ́ sí itan rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù mi ń bà á. Ògiri wà ní yàrá, ó ń fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn wa. Ó ké láti inú lọ́hùn-ún: "Lu ihò fún un. Lu ú dáadáa, má ba awọ jẹ́. Ó tọ́ sí i."

Mo wọ̀n ọ́n. Mo lu ú.

Ọjọ́ mọ́kànlá. Lẹ́yìn ìyẹn Aláṣẹ ní kí wọ́n lọ gbà á nílé rẹ̀. Wọ́n ní ìjà náà ò wáyé. Wọ́n ya ojú ìwé ọjọ́ yẹn. Wọ́n gbé ìgbànú padà fún Ògiri. Ó yẹ kó kọ̀ ọ́. Kò kọ̀ ọ́. Èmi náà ò ní kó kọ̀ ọ́. Òrùlé wa ń jò, ìyá rẹ sì wà nínú mi.

Aláǹgbá padà sídìí ṣíṣubú. Ọdún mẹ́rin sí i. Wọ́n tún ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹlẹ́sẹ̀ Símẹ́ńtì ń ka ohun tó ti kọ títí di ọ̀sán. Ó wá ní: "Ìyá àgbà, ohun kan ṣoṣo ni bàbá yẹn béèrè lọ́wọ́ yín." Mo ní mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọmọ mi pè lórí fóònù. Ó ti fi gbólóhùn kan kún ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Bàbá mi kò gba ohun tí kì í ṣe tiwọn rí." Mo ní iná fóònù mi fẹ́ kú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Bàtà-Ń-Ké wá wo iṣẹ́. Mi ò tíì fọwọ́ kan awọ náà. Ó ní Ọlọ́dà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sára ògiri, ó ti dé Ìbejì. Ó ní ó ń kọ̀wé dáadáa, ó kàn máa ń sinmi jù.

Ó wá ń sọ̀rọ̀ lásán. Ó ní bàbá arúgbó kan wá sí ọ́fíìsì wọn lánàá, ó ń mi orí, ó ní òun náà gba ìgbànú náà rí. Àwọn akọ̀wé bu sẹ́rìn-ín. Wọ́n fún un ní omi tútù. Òun Bàtà-Ń-Ké ṣàánú rẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀: "Mo ní, bàbá, ihò kan wà níbẹ̀ lóòótọ́ tí a ò mọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n mo ti béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ṣe é. Àṣìṣe ọwọ́ wọn ni. Ìgbà yẹn ló tó dákẹ́." Ọmọ bàbá náà wá, ó fà á lọ́wọ́ jáde bí ẹni ń fa ewúrẹ́.

Ó ní kí n má bínú pé òun dárúkọ mi. Mo ní kó padà wá ní ọ̀túnla.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Mi ò bọ́ awọ àtijọ́ dànù. Mo fi òróró pa á, mo tẹ́ awọ tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rán an yíká, mo sì lu ihò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán já sí tuntun. Nígbà tí mo dé ìkẹsàn-án, mo fi okùn tí kò ní kókó wọ̀n ọ́n. Ó bá a mu gẹ́lẹ́. Mo ta kókó márùn-ún sí i. Mo fi ọ̀kan kún ti Pásítọ̀, ọ̀kan kún ti Ọmọ Dẹ́rẹ́bà. Ó ti tò.

Ẹlẹ́sẹ̀ Símẹ́ńtì, kọ èyí kí o má bàa ṣe é ségesège.

Aláǹgbá ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, lónìí, kó tó gbàgbé pé ó béèrè. Wọ takisí, ìwọ àti símẹ́ńtì rẹ. Mú okùn rẹ̀ dání. Má sọ ọ́ fún òun nìkan. Dúró títí àwọn ọmọ rẹ̀ á fi pé, kí o wá sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá. Sọ pé Ògiri ló ní kí n lu ihò náà fún un. Bó bá gbàgbé lọ́la, àwọn ni yóò máa rán an létí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá rẹ. Ka ìwé yìí fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, má fo nǹkan kan, àti ti okùn, àti ti òrùlé. Kò gbọdọ̀ dìde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kó lọ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Á pariwo. Jẹ́ kó pariwo tán. Mo wà nílé bó bá fẹ́ mi.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ọlọ́dà. Kó pa "kò bọ́ ní ìbàdí rẹ̀" rẹ́. Kó kọ Ògiri lẹ́ẹ̀mejì, Aláǹgbá láàárín. Má sọ ti okùn fún un, ọ̀rọ̀ ilé ni.

Bàtà-Ń-Ké ni kó kẹ́yìn. Sọ fún un pé kó mú bàtà yẹn wá, màá bá a pa á lẹ́nu mọ́. Kí o sì sọ fún un pé irọ́ ni mo pa fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mi ò lu ihò tó ṣìnà rí.