Fìlà Tí Bàbá Rẹ Rán fún Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́

Ọmọ mi àtàtà, ìyá àwọn ọmọ ọmọ mi,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ilé, báwo ni àwọn ọmọ, báwo ni ọkọ rẹ tí kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù? Mo gbà á ládùúrà pé ara líle ni lẹ́tà yìí yóò bá gbogbo yín, nítorí ara líle ló fi sílẹ̀ nílé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún ń dùn ún díẹ̀, àmọ́ ó ṣì ń ránṣọ, kò sì tíì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà sọ pé mo ti kúrò lára àwọn tó ń tẹ̀ka, ṣùgbọ́n gbólóhùn mi gùn jù, mo ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá jìnnà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn.

Fọkàn balẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú nítorí mo mọ̀ pé o ò sùn dáadáa láti ìgbà tí ọ̀gá rẹ ti ní bí afẹ́fẹ́ ìlú wa bá ń kú lóròòru báyìí, òun yóò tú ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ kúrò lórí ilé wa, òun yóò sì pa ìwádìí rẹ tì. O sunkún sí mi létí, mo ní wọn kì í lé ènìyàn níṣẹ́ nítorí afẹ́fẹ́, àmọ́ nígbà tí mo gbé fóònù kalẹ̀, èmi náà ò lè jẹun. Nínú gbogbo ohun tó lè dójú ti ọmọ mi, ó wá jẹ́ afẹ́fẹ́ ilé bàbá rẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé e síbi pẹrẹsẹ tí a ń sá aṣọ sí lórí ilé, o ní kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àràárọ̀ ni mo ń gòkè lọ kí i. O ní káàdì fóònù wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pè ọ́ láti sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́, ni mo bá ń ní kó bá mi kí ọ, kó sọ fún ọ pé kí o máa jẹun lásìkò. O ò dá mi lóhùn lórí ìyẹn rí. Bóyá kì í jíṣẹ́.

Ṣé o rántí pé láti kékeré rẹ ni bàbá rẹ ti ń da aṣọ bo máṣínì ìránṣọ rẹ̀ kó tó sùn? Máṣínì yẹn jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí, kò sì tíì bàjẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nítorí náà bàbá rẹ tú yúnifọ́ọ̀mù iléèwé rẹ àtijọ́, ó wọn àwọn ife kéékèèké tó ń pòyì lórí ẹ̀rọ náà, ó rán fìlà tó bá wọn mu rẹ́gí, ó sì fi okùn sí i lábẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i. Bí oòrùn bá ti wọ̀, màá gun àpótí, màá dé e fún un, màá so okùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá ṣí i. N kò gbàgbé rí, kódà nínú òjò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá rẹ rán ọmọkùnrin gígùn kan pé kó wá tú ẹ̀rọ. Òpó ni mò ń pè é, ó sì ń jẹ́ mi. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, ó gòkè, ó bá mi lórí àpótí tí mò ń so okùn fìlà. Ó ní Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn, mo ní mò ń bò ó kó lè sùn. Ó ní ṣé alaalẹ́ ni, mo ní kí wá ni wọ́n ń pè ní ìtọ́jú. Ó jókòó sílẹ̀ láàrin aṣọ tí mo sá, ó fi ìbora mi bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, pé kò tíì rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí. Àfi ìgbà tó ṣíjú tí mo rí i pé ẹ̀rín ni.

Ó ní àwọn ife yẹn gan-an ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́, bí wọn ò bá yí, ẹ̀rọ á sọ fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì pé afẹ́fẹ́ ò sí. Mo ní irọ́ ló pa nígbà náà, nítorí òròòru ni afẹ́fẹ́ ń ká aṣọ mi mọ́ okùn. Ó ní Màmá, ohun tí a ti ń wá kiri nìyẹn. Kò tú nǹkan kan mọ́. Ó sùn sí yàrá bíríkìlà tó háyà yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ náà sì sùn láìdé fìlà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bíríkìlà ní bó bá jẹ́ oòrùn ni wọ́n fi síkàáwọ́ mi, ayé ì bá ti ṣókùnkùn. Bàbá rẹ ní kó lọ mọ ògiri tirẹ̀ kó tọ́ ná.

Òpó wo ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n lóru náà, ó ní afẹ́fẹ́ wa kò lágbára, kò lè yí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n ń lò níbi tí ìjì ti ń ṣí òrùlé. Ṣùgbọ́n ó ń rọra fẹ́ láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sinmi. Ó ní ẹ̀rọ kékeré tí apá rẹ̀ gùn lè rí i lò, kó fa omi, kó sì gbé iná fún fíríìjì oògùn ní ilé ìwòsàn, àti pé irú ẹ̀ gan-an lò ń wá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀gá rẹ ti gbà. Wọ́n á pa àkọsílẹ̀ àwọn òru àtẹ̀yìnwá rẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ tuntun, ẹ̀rọ ò ní kúrò. Òpó bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kí èmi fúnra mi sọ fún ọ bó ṣe jẹ́, ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Olùkọ́ ní kí n má kọ ìyẹn sínú lẹ́tà, àmọ́ adìyẹ náà kò bínú. Ṣùgbọ́n kí o bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹ̀rọ náà ṣì ń dán bí ọjọ́ tí ẹ gbé e dé, ìsinmi tó sì ti rí lọ́wọ́ mi ló ń jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ òru báyìí.

Tí mo bá dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ ẹ̀rọ náà lókè orí mi, ó ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ìwọ bá wà lókè tí ò ń ká aṣọ. Mo ti ń sùn. Kí ìwọ náà sùn.

Bí nǹkan bá wọlé fún ọ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Òróró máṣínì bàbá rẹ ti tán, gíláàsì ojú mi sì ti là. Má fi sí báǹkì o, torí ẹ̀rọ inú ògiri wọn bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi lójú gbogbo ayé, mo ní n kì í bá ògiri sọ àṣírí, ògiri létí. Òpó ni kí o fi rán. Bàbá rẹ tún ní kí o bá òun wọn bí apá ẹ̀rọ kékeré yẹn ṣe gùn tó. Kò ní rán nǹkan kan fún un, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Fìlà àkọ́kọ́ kò ṣòfò, fóònù mi ló ń dé e lálẹ́, nítorí náà bí o bá pè lóru tí n kò gbé e, má dààmú.

Afẹ́fẹ́ tó le kò ní bá ọ nílé, èyí tó rọra kò ní fẹ́ kọjá ilẹ̀kùn rẹ. Iṣẹ́ rẹ kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Wàá tọ́jú ọmọ, ọmọ yóò tọ́jú rẹ, wọn kò sì ní dé ọ ní fìlà tó máa bò ọ́ lójú.

Èmi ni ìyá rẹ, tí oorun ti padà sójú rẹ̀.