Mi Ò Ní Bẹ Ọ̀gá Káńsù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbà á ládùúrà pé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti rọlẹ̀, àti pé ìyá mi ń sùn dáadáa. Ara tèmi le koko.

Iṣẹ́ tí ẹ rán bùrọ̀dá sí mi, pé kí n lọ bẹ ọ̀gá káńsù, mo gbọ́. Ẹ má bínú, mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, tótó ṣe bí òwe.

Lóṣù tó kọjá, káńsù kéde pé àwọn máa ti yàrá ìgbẹ̀bí òpópónà wa, pé kò sẹ́ni tó ń bímọ níbẹ̀ mọ́. Irọ́ gbuu! Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àwòrán ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó gbẹ̀bí wọn lọ́dún yìí wà lórí fóònù rẹ̀. Ó ní kí n bá òun tẹ pósítà kan. Mo ní, "Kí ló dé tá a máa fi ṣe ẹyọ kan? Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló máa ní tiẹ̀."

Bàbá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiyín, ẹ ó kọ́kọ́ ṣe pléètì, irin pẹlẹbẹ tó gbé àwòrán, ojú kan náà ni pléètì á sì máa tẹ̀ títí. Tèmi kò ní pléètì. Láti inú kọ̀ǹpútà ni àwòrán ti ń lọ tààrà: iná tín-ín-rín á yà á sára rólà, yíǹkì oníyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ ọn, ooru á sì yọ́ ọ mọ́ bébà. Ìwé kìíní lè jẹ́ ojú ọmọ télọ̀, kí èkejì jẹ́ ojú ọmọ awakọ̀, láìdá ẹ̀rọ dúró. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo wọn ti jáde pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wọn. Àwọn ìyá lẹ̀ wọ́n yí ọgbà káńsù ká.

Ọ̀gá káńsù fa gbogbo rẹ̀ ya, ó wá bá mi. Ó ní, "Kó pléètì tó o fi tẹ̀ ẹ́ jáde! Mo fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé e." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ní, "Ọ̀gá, kò sí pléètì níbí. Tẹ́ ẹ bá ya ọ̀kan, méjì ni màá tẹ̀." Ohun tó pè ní àrífín nìyẹn. Ó ní kí onílé lé mi, onílé sì lé mi.

Àmọ́ àwọn ìyá yẹn ló bá mi gbé ẹ̀rọ lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí agbẹ̀bí, a sì tún un tẹ̀, méjì-méjì. Nígbà tí àwọn aṣojú káńsù jókòó láti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti yàrá náà, ìyá kọ̀ọ̀kan na ìwé ọmọ rẹ̀ sókè lójú wọn. Wọn ò lè fọwọ́ sí i. Wọ́n ṣì ń gbẹ̀bí níbẹ̀ dòní.

Ọ̀gá káńsù wá ní tí mo bá kúnlẹ̀, òun á dá ṣọ́ọ̀bù padà fún mi. Kó máa retí. Ohun tí mo tẹ̀, òótọ́ ni.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ jẹun ọmọ kalẹ́.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín, olórí kunkun.

Àfikún: Ìyá mi ní ẹ ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ yín pé fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un sọ fún wọn: atẹ̀wé ọmọ atẹ̀wé ni mí.