Ọ̀sẹ̀ Tí Wọ́n Pa Àkàbà Wa Rẹ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí. Ẹnu tèmi, ọwọ́ tirẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ ṣe.

Ìyá rẹ̀, ọmọ tí mo bí, ni ọ̀gá ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí ilé ìwé lọ ní ìwé kíkà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo ń gbé fóònù. Lónìí wọ́n gba òṣìṣẹ́ tuntun márùn-ún. Akọ̀wé mi yìí wà lára wọn — kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo bẹ̀bẹ̀ fún un. Mo bẹ̀bẹ̀.

Àga ò tó. Ẹnìkan jókòó lórí páálí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ìpàdé. Ayàwòrán wà lára àwọn tuntun. Báláú ni mò ń pè é, torí kò sí ohun tí kò fẹ́ kó funfun. Ó ní àmì ẹgbẹ́ wa ti gbó. Àmì náà ni àkàbà pupa tó wà lára ògiri níta láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní ó jọ ti ilé tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wá gbé tuntun jáde: lẹ́tà mẹ́ta, dúdú lórí funfun, kò sí àwòrán kankan. Ó ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe rí i sí?"

Ìlà ni mo rí. Mi ò mọ̀wé. Àwọn tuntun ń wò mí, wọn ò mọ̀. Mo ní ó dára.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Obìnrin télọ̀ kan pè. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí òun mú un wá. Ọmọ náà ò ní fóònù. Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo wọn: kó sọ̀ ní ibùdókọ̀, kó máa rìn lọ tààrà, kó máa wo ọwọ́ ọ̀tún títí yóò fi rí àkàbà pupa. Bí kò bá rí i, kó má wọ ilé kankan, ẹni yòówù kó pè é. Ayé ti bàjẹ́.

Báláú ní ó di oṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó kun ògiri.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yẹn. N óò sọ ọ́ lọ́la.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mi ò sọ ọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Àwọn akunlé ti dé kí n tó dé. Báláú ní ọwọ́ wọn ló dilẹ̀. Àkàbà ti lọ. Mo ní ọmọ kan ń bọ̀ lónìí. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, orúkọ wa wà níbẹ̀ gàdàgbà."

Mo gbé àga síta. Ọmọbìnrin kan tó gbé báàgì àwọ̀ ewé gba iwájú wa kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wo ògiri. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń wá?" Ó kánjú, ó yà ní kọ̀rọ̀. Mo dìde. Orúnkún ò jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ télọ̀ pè: ṣé ó ti dé? Mo bi í pé irú báàgì wo ló gbé. Àwọ̀ ewé. Mo ti mọ̀ kó tó dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

A ò rí i. Àgọ́ ọlọ́pàá láti àárọ̀, gbogbo wa. Wọ́n ní kí n bu ọwọ́ lùwé. Mo tẹ̀ka. Báláú ní, "Màmá, ṣé ọwọ́ ń dùn yín ni?" Mo ní rárá o, mi ò mọ̀wé. Lẹ́tà tó o kọ yẹn, ìlà lásán ni lójú mi, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú ọmọ yẹn.

Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀: àwọn tí kò mọ̀wé là ń kọ́, ìwé la wá fi júwe ilé fún wọn. Gbogbo wọn ló lọ yunifásítì, kò sí ẹni tó rò ó. Èmi rò ó, mo panu mọ́. Tèmi ló burú jù.

Télọ̀ pè lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò bú mi. Ì bá bú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n rí i. Ilé búrẹ́dì lẹ́yìn ibùdókọ̀ ni. Obìnrin tó ni ín fún un ní igun kan tó ń sùn, torí kò lówó ọkọ̀ padà, ọmọ náà ń bá wọn di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Ara rẹ̀ le. Èmi àti akọ̀wé mi la lọ. Ó wò mí, ó ní màmá ilé funfun nìyí, ẹ̀gbọ́n òun ní kí òun má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo ní èmi ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ wá ń pè mí sí, Màmá?"

Mo gba báàgì rẹ̀ gbé.

Báláú ti ń kun àkàbà padà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bí a ṣe ń bọ̀ ni ọmọ náà bi mí pé ẹnì kejì òun ńkọ́? Ẹnì kejì wo? Ọmọkùnrin kan tó gbé àpótí irin, ó ní, tó ń béèrè àkàbà pupa ní ibùdókọ̀ lánàá. Òun sọ fún un pé òun ti wá a, kò sí. Ó wọ ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ wo, òun ò mọ̀.

Bàbá rẹ̀, mẹkáníìkì kan, ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, àkàbà náà ni mo ní kó wá. Àná ló yẹ kó dé. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà lánàá.

Akọ̀wé mi ti dá kálàmù dúró. Kọ ọ́. Bàbá rẹ̀ rò pé ọ̀dọ̀ wa ló sùn. Òun ni kó o kọ́kọ́ pè, kó o tó sọ fún ìyá rẹ. Lẹ́yìn ìyá rẹ, ọlọ́pàá àná yẹn, kì í ṣe ẹlòmíràn. Nọ́ńbà bàbá náà wà nínú fóònù mi, ìwọ lo máa wá a. Má sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ sọnù. Ohun tí a ṣe ni kó o sọ fún un.