Ẹ Má Fi Bàbá Ìjọ Ṣe Òkú Mi

Èmi, Comfort Adéróunmú Àbẹ̀ḿbí Adéṣọlá, opó, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí mo ń gbé ní ojúlé kọkànlá ní àdúgbò Bódìjà, ìlú Ìbàdàn, ń sọ ọ́ ní gbangba pé orí mi pé, iyè mi sì sọjí. Ojú mi nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú mi kọ ìwé yìí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ bi dókítà tó tọ́jú mi ní oṣù Keje. Ó bi mí pé ọjọ́ wo la wà, mo ní Ọjọ́bọ̀ ni, pé kó jọ̀ọ́ kó bá mi tan tẹlifíṣọ̀n yàrá náà nítorí aago méje ti fẹ́ẹ́ lù.

Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, pàápàá èyí tí mo kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ìjọ lọ́dún tí mò ń bínú sí gbogbo ayé. Lọ́yà Tẹjúmọ́lá Àníọlá, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Dùgbẹ̀, ni mo yàn ní alámòójútó. Ìdrís tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Agbowó ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó ní àlàyé mi ti pọ̀ jù, pé ìwé òfin kì í rí báyìí. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Mo kọ́ ọmọ yìí ní jọ́gíráfì fún ọdún mẹ́ta, kò mọ ibi tí Odò Ọya gbé wọ òkun títí dòní. Òun ló wá fẹ́ kọ́ mi ní ìwé kíkọ!

Ìpín Kìíní: Òkú mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sin mí sí ẹ̀gbẹ́ bàbá yín. Ìsìn kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Bí agbára yín bá ká màlúù, ẹ ra màlúù. Bí kò bá ká màlúù, ẹ ra adìẹ. Bí kò bá ká adìẹ, ẹ fún àwọn èèyàn ní mọ́ínmọ́ín kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìjọ, àgbò funfun olórí dúdú tó wà ní àgbàlá mi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn án. Torí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo ṣe ń kọ ìwé. Ilé àti ẹrù, ẹ̀yin náà lè pín in láìsí mi. Ẹ̀mí àgbò yìí ni mi ò lè fi lé yín lọ́wọ́ láìkọ nǹkan sílẹ̀, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Ìjọ ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Irùngbọ̀n wọn àti ìrìn wọn ló jọ ti àgbò náà. Wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì ti rẹ́rìn-ín sí i.

Ìpín Kejì: Ilé.

Ilé yìí di ti ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì lọ́gbọọgba: Níyìolúwa tó ń gbé ní Àpáta, àti Inúolúwa tó ń se oúnjẹ àpèjẹ ní Challenge. Ẹ lè gbé inú rẹ̀, ẹ sì lè fi háyà. Ihò tó wà lára ọgbà, láàrin ilé wa àti ilé Alàájì Abdulrauf Àlàó, ni ẹ kò gbọdọ̀ dí. Níyìolúwa, mo rí àwọn búlọ́ọ̀kù tí o kó pamọ́ sẹ́yìn ilé. Fi wọ́n kọ́ ilé adìẹ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé Alàájì fún Lọ́yà, nítorí kò mọ ìtàn wa. Iṣẹ́ omi ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú, ọkọ mi náà ti kú. Ogún ọdún la fi jẹ́ aládùúgbò rere: ẹran Iléyá á wá láti ọ̀dọ̀ wọn, ìrẹsì Kérésì á lọ láti ọ̀dọ̀ wa. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni eré kan bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, Kọ́kọ́rọ́ Abẹ́ Ẹní. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbé e jáde lórí ìkànnì tèmi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìkànnì tí Alàájì ń sanwó fún ń gbé e. Ní ọjọ́rú kan báyìí, mò ń sá aṣọ, Alàájì yọ orí lókè ọgbà, wọ́n ní Ìyá Fadérera ti kú o. Háà! Ìyá Fadérera inú eré náà, tí mo ti ń bá gbé àìsàn rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bi wọ́n pé ta ló rán wọn níṣẹ́. Wọ́n ní àwọn rò pé mo máa fẹ́ gbọ́ ni. Mo ní mi ò fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ló ń korò. Láti ọjọ́ náà, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ sì wò ó, Ìyá Fadérera ò kú. Ní sáà kẹrin ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ní Kùtọnu lòun ti ń bọ̀. Nítorí òkú tí kò kú la ṣe pa ẹnu mọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ìpín Kẹta: Ajá.

Ajá mi, Kílókànọ́, di ti Níyìolúwa. Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀ ni mo rà á. Gbogbo wa la mọ ohun tí Yorùbá ń fi orúkọ ajá ṣe: ẹni tí kò fẹ́ bú aládùúgbò lójúkojú á sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, ọ̀rọ̀ á dé ibi tó ń lọ. Láràárọ̀ ni màá dúró ti ọgbà, màá fi gbogbo ohùn ké: Kílókànọ́ o, wá jẹun! Mo mọ̀ pé Alàájì fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, pé Kílókànyín ni ì bá bọ̀wọ̀ jù, ṣùgbọ́n ajá ni mò ń pè. Kò pé oṣù kan, Alàájì ra àkùkọ kan, wọ́n sọ ọ́ ní Òótọ́korò.

Àwọn méjèèjì ló wá di agbẹnusọ wa. Nígbà tí ìjì ṣí páànù Alàájì, mo sọ fún Kílókànọ́, sókè dáadáa, pé àkàbà wà lẹ́yìn ilé wa, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ wá mú un. Kó tó di ọ̀sán, àkàbà ti lọ. Nígbà tó padà ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀pẹ òyìnbó méjì wà nídìí rẹ̀. Mo ní kí ajá bá mi dúpẹ́.

Níyìolúwa, ajá yìí kì í gbó mọ́ olè. Àlùfáà àti ẹni tó ń ka mítà nìkan ló ń gbó mọ́. Má torí ìyẹn lù ú.

Ìpín Kẹrin: Tẹlifíṣọ̀n.

Tẹlifíṣọ̀n mi, àti rímóòtù rẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá, di ti Inúolúwa. Má bọ́ ọ̀rá náà. Ó ti lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, nọ́ńbà kankan ò sì tíì pa rẹ́.

Kí n má purọ́ sínú ìwé òfin, tẹlifíṣọ̀n yìí nìkan kọ́ ni mo fi ń wo eré mi. Aago méje géérégé ni àwọn oníná fẹ́ràn láti mú iná lọ. Tí wọ́n bá ti mú un lọ, ilé Alàájì nìkan ni iná ń wà, nítorí sólà wọn. Màá gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá máa bó ẹ̀gúsí, màá kọ ẹ̀gbẹ́ sí fèrèsé wọn bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Igbá ẹ̀gúsí kan ń gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan mo rí i pé wọ́n ti yí tẹlifíṣọ̀n wọn padà, ó kọjú sí fèrèsé, àwọn fúnra wọn wá ń yọ́rùn wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ìkànnì tèmi ni wọ́n tàn. Eré tí wọ́n ti wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tún ń bá mi wò ó lọ́jọ́bọ̀, wọn ò sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àkùkọ. Wọ́n kàn bi àkùkọ bóyá ó ń gbọ́ ohùn eré náà. Mo sọ fún ajá pé kí wọ́n bu díẹ̀ sí i. Wọ́n bu díẹ̀ sí i.

Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ ìdí tí mi ò fi gbà kí ẹ ra sólà fún mi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ìpín Karùn-ún: Àwọn nǹkan kéékèèké.

Pàsán tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn di ti Níyìolúwa. Wọ́n mọ ara wọn dáadáa. Àga onítìmùtìmù bàbá yín, kí ẹnikẹ́ni má tà á. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ojú dídì wo ìròyìn. Bí mo bá yí ìkànnì padà, wọ́n á ní àwọn ń wò ó. Ọdún méjìdínlógójì la fi fẹ́ ara wa. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, mi ò sì sọ ọ́ fún wọn tó. Mo máa ń rò pé wọ́n mọ̀.

Ìpín Kẹfà: Bàbá Ìjọ.

Alàájì ló ra àgbò yìí fún Iléyá ọdún 2022. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún dé ló gba inú ihò wọ àgbàlá mi. Mi ò lè pe ẹni tó ni ín, mo ní kí n fún un ní èèpo iṣu kí wọ́n tó wá mú un. Láti orí èèpo iṣu a bọ́ sórí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, láti ibẹ̀ a bọ́ sórí búrẹ́dì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Àṣìṣe mi nìyẹn. Èèyàn kì í sọ àgbò Iléyá lórúkọ, ẹran tó bá ti ń jẹ́ orúkọ ti kúrò ní ẹran ọbẹ̀.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, Alàájì mú okùn wọlé. Mo sọ fún ajá pé kó bá mi pe Bàbá Ìjọ. Àgbò náà gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó rìn wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi orí ti orúnkún mi. Alàájì wo àgbò, wọ́n wo okùn, wọ́n yí padà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àkùkọ pé àwọn ń lọ ra òmíràn. Láti ìgbà náà, àwọn ló ń fún un ní koríko láàárọ̀, èmi ló ń fún un ní èèpo nírọ̀lẹ́.

Ní oṣù Keje ọdún yìí, ẹ̀jẹ̀ mi ru, mo sì lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọmọ mi rò pé mo ti ń lọ. Mi ò bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n Inúolúwa, o ò jẹ́ kí n lọ tán kí o tó mú okùn! O so Bàbá Ìjọ mọ́ ìdí máńgòrò, o ní ẹran òkú Màámi ti wà nílẹ̀, o sì ti pe ẹni tó máa pa á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbò ti pòórá. Alàájì ti fà á gba inú ihò, wọ́n tì í mọ́ pálọ̀ wọn. Wọ́n sọ fún yín pé owó àwọn làwọn fi rà á. Ẹ pe ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ní olè lójú gbogbo àdúgbò.

Mo dé, ẹ ní Alàájì ti jí Bàbá Ìjọ, mo sì gbà yín gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró ti ọgbà, tí mò ń sọ ohun tí kò yẹ olùkọ́ fún ajá. Àkùkọ ò dáhùn. Ní ọjọ́ kẹrin mo yọjú gba inú ihò. Bàbá Ìjọ ló sùn gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, tí Alàájì ń já búrẹ́dì fún un. Kápẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Mo padà sílé, mo jókòó, mo sunkún. Ojú tì mí. Kó tó di ọjọ́ kejì, Bàbá Ìjọ ti gba inú ihò padà wá jẹ èèpo rẹ̀.

Nítorí náà, mo fi Bàbá Ìjọ ṣe ogún fún Alàájì Abdulrauf Àlàó. Lọ́yà ní báwo ni mo ṣe máa fi ẹran ẹlẹ́ran ṣe ogún fún ẹni tó ni ín. Mo ní kó ṣáà kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ilé yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alàájì, kí Níyìolúwa dọ̀bálẹ̀, kí Inúolúwa kúnlẹ̀. Ní tèmi, mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹnu mi ò gbà á. Mo fẹ́ kí ìwé yìí bá mi dúpẹ́ nígbà tí mi ò bá sí mọ́.

Àfikún, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ lọ́jọ́ ìfọwọ́sí.

Lọ́yà àti Ìdrís dé láàárọ̀ yìí. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ń béèrè. Ìdrís jẹ́ ọ̀kan, Lọ́yà sì ní òun tí òun jẹ́ alámòójútó kò fẹ́ ṣe é, kí n pe aládùúgbò kan wá ṣe ìkejì. Mo ní Alàájì nìkan ni mo ní. Ó ní kò ṣeé ṣe: ẹni tí a bá fi nǹkan ṣe ogún fún kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà, bó bá fọwọ́ sí i, ogún rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ó ní kí n mú ọ̀kan nínú méjì, yálà kí Alàájì gba àgbò nígbà tí mo bá kú, tàbí kí wọ́n wá jókòó tì mí lónìí.

Mo rò ó. Wọ́n jù mí lọ. Bí wọ́n bá ṣáájú mi ńkọ́? Ta ni ìwé máa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Mo dìde. Mi ò pe ajá. Mo fa Bàbá Ìjọ dání, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gba inú ihò náà kọjá fúnra mi, ìró mi sì ya. Mo ní Alàájì, ẹ káàárọ̀. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi bóyá ajá wà níbẹ̀. Mo ní ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ ṣé gan-an, mo ní àwọn ọmọ mi ṣẹ̀ yín, èmi náà ṣẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, àgbò yín rèé láti òní lọ. Wọ́n wá ní Ìyá Níyì, ẹ dìde, orúnkún yín ò dáa. Wọ́n ní láti ọdún mẹ́sàn-án yìí, ilé mi ti jìnnà sí àwọn jù.

Nítorí náà, mo fagi lé ogún tó wà ní Ìpín Kẹfà. Mo ti fi ọwọ́ ara mi fà á lé wọn lọ́wọ́. Àṣẹ tí mo pa nípa àforíjì kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ti ihò ọgbà. Ẹni tó bá sì fi ọ̀bẹ kan àgbò yìí lọ́jọ́ òkú mi, ẹran ẹlẹ́ran ló pa, kí Lọ́yà pè é lẹ́jọ́. Alàájì Àlàó kò ní ogún kankan nínú ìwé yìí mọ́. Wọ́n lè fọwọ́ sí i.

Mo fọwọ́ sí i lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì, àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú mi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Bódìjà, Ìbàdàn, ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ìfọwọ́sí: Comfort Adéróunmú Àbẹ̀ḿbí Adéṣọlá

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ìdrís Àkànmú
Ibùgbé: Agbowó, Ìbàdàn
Iṣẹ́: Atẹ̀wé

Ẹlẹ́rìí kejì: Abdulrauf Àlàó
Ibùgbé: Ojúlé kẹtàlá, Bódìjà, Ìbàdàn
Iṣẹ́: Aládùúgbò