Kòtò Amọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Ilé Ìwé Wa

Ojúlé Kejìlélógún,
Òpópónà Ẹ̀yìn Rélùwéè.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2018.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Ààbò Ilé Ìwé,
Àjà Kẹta, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ ÀWỌN ỌMỌ MÁ ṢE WỌ ÌHÀ TUNTUN ILÉ ÌWÉ ALÁKỌ̀Ọ́BẸ̀RẸ̀ TÓ WÀ NÍTÒSÍ AFÁRÁ RÉLÙWÉÈ NÍ ỌJỌ́ AJÉ TÓ Ń BỌ̀, NÍTORÍ KÒTÒ TÓ WÀ LÁBẸ́ RẸ̀

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni èmi tí mò ń kọ ìwé yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà ní àdúgbò tí ilé ìwé náà wà, ẹsẹ̀ ni mo sì fi rìn ín. Kò sí ojúlé tí n kò mọ̀ níbẹ̀, títí kan àwọn tí ajá wọn kò fẹ́ rí mi sójú. Bàbá Onílẹ́tà ni tọmọdé tàgbà ń pè mí títí dòní. N kò kọ́ ilé rí, n kò sì pe ara mi ní ẹnjiníà. Ibi tí nǹkan wà ni mo mọ̀, ohun tí mo sì fẹ́ bá yín sọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé mi dé ìdí máàpù. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹnu mọ́ ọn pé odò kan máa ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé tí wọ́n bí wa sí, pé etí rẹ̀ ni ìyá wa ti máa ń fọ aṣọ. Títì ọlọ́dà ló wà níbẹ̀ báyìí, ṣọ́ọ̀bù sì tò lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ọmọ wọn á máa wo ara wọn lójú, wọ́n á máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Màmá ti ń ṣarán. Ó dùn mí wọra. Mo gba yàrá máàpù ní Ilé Iṣẹ́ Ìwọ̀n Ilẹ̀ lọ, mo ní kí wọ́n fi èyí tó pẹ́ jù lọ hàn mí.

Akọ̀wé obìnrin tó ń tọ́jú yàrá náà fa àpótí pẹlẹbẹ kan jáde lára kọ́bọ́ọ̀dù irin, ó sì tẹ́ máàpù ọdún 1931 sórí tábìlì fún mi. Odò náà wà níbẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú aláwọ̀ búlúù, ó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá gẹ́lẹ́. Mo fi pépà fẹ́lẹ́ tí àwọn télọ̀ fi ń da àwòrán kọ lé e lórí, mo sì dà á kọ láìfo ìlà kan. Akọ̀wé náà lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì kọ ọjọ́ sí i: ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ síwájú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fi ìka tọ odò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí àwọn ọmọ wọn, wọ́n ní, “Ṣé ẹ rí i báyìí? Èmi kọ́ ni mò ń ṣarán, títì yín ni.”

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ sí yàrá máàpù. Mo máa ń da ohun tí mo bá rí kọ, mo sì máa ń rìn ín lẹ́sẹ̀ láti mọ ohun tó ti dà. Mo rí ibi tí ọjà pákó wà nígbà kan, mo rí ojú ọ̀nà tí ilé gogoro ti gùn lé. Ó ń dùn mọ́ mi bí ẹni pé mo tún ń gbé àpò lẹ́tà kọ́ èjìká.

Nínú oṣù kẹfà ni ìdùnnú náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ṣàkíyèsí àmì roboto kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yẹn lórí máàpù kan náà, tí àwọn ìlà kéékèèké yí etí rẹ̀ ká bí eyín. Akọ̀wé náà ṣàlàyé fún mi pé àmì kòtò tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́ nìyẹn. Wọ́n kọ iye tí ilẹ̀ fi ga sí etí rẹ̀, wọ́n tún kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógún ló kù. Lórí máàpù tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn rẹ̀, kòtò náà ti pòórá, ojú ibẹ̀ funfun báláú. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi. Wọn kò tilẹ̀ ronú kí wọ́n tó dáhùn: “Kòtò amọ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa amọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì. Nígbà tí iṣẹ́ bíríkì dáwọ́ dúró, gbogbo wa là ń lọ da ìdọ̀tí síbẹ̀ títí ó fi kún.”

Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo wọn ọ̀nà náà. Afárá rélùwéè wà lórí máàpù àtijọ́, ó sì wà lójú kòrókòró títí dòní. Láti ìdí rẹ̀ dé etí kòtò yẹn jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ mi àti mẹ́wàá, ẹni tó bá sì ti fi ẹsẹ̀ jẹun rí mọ bí ìṣísẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rìn ín. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ara ògiri ìhà tuntun ilé ìwé náà ni ìṣísẹ̀ mi parí sí, níbi tí wọ́n kọ́ kíláàsì mẹ́rin sí ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kẹta, bí mo ṣe dúró níwájú fèrèsé kíláàsì tó wà ní ìparí, olùkọ́ inú rẹ̀ gbójú sókè, ó rí mi. Ọmọ bíbí inú mi ni.

Nígbà tó darí dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo bi í bóyá ó rí nǹkan àjèjì kan nínú kíláàsì rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀kùn òun kò ti lè padé mọ́. Ó ní níbi yòówù kí pẹ́ńsù já bọ́ sí, igun kan ṣoṣo ló máa ń yí lọ, pé àwọn ọmọ ti fi ṣeré, wọ́n ń pe igun náà ní Ilé Pẹ́ńsù. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mo tẹ́ máàpù síwájú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Èmi ni wọ́n máa dì í rù.” Ọdún márùn-ún ló fi wá iṣẹ́ náà kó tó rí i. A kò tú ká pẹ̀lú inú dídùn lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, mo kọ̀wé sí Ọ́fíìsì Ilé Kíkọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n kọ etí ikún sí i.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, mo gbéra lọ bá ẹnjiníà ọ́fíìsì náà tó fọwọ́ sí kíkọ́ ilé náà. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n tó ní kí n wọlé. Kò ní kí n jókòó. Ó ní, “Bàbá, lẹ́tà lẹ mọ̀ ọ́n pín, ẹ fi ilé kíkọ́ sílẹ̀ fún wa.” Ó ní kò sí máàpù kankan ní ọ́fíìsì kankan tó fi kòtò hàn níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gba yàrá máàpù lọ tààrà, kí n lè gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí. Àyè tí máàpù ọdún 1931 máa ń wà ti ṣófo. Akọ̀wé náà ṣí ìwé ìyáni fún mi. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ìyẹn ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí mo kọ lẹ́tà mi, ni ẹnjiníà yìí kan náà wá yá a, tí ó sì tọwọ́ bọ̀wé. Obìnrin náà fi ìka tọ́ka sí ibi tó fọwọ́ sí. Ó ní, “Bàbá, mo ti lọ béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n lọ jókòó síbi iṣẹ́ mi.”

N kò sọ pé ẹnikẹ́ni fi máàpù pamọ́. Ohun tó wà nínú ìwé ni mo sọ: ọkùnrin tó wò mí lójú tó ní kò sí máàpù ti ní in lọ́wọ́ fún ọjọ́ méjìlá gbáko.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án yìí, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì láìdá. Ọmọ mi ò gba ọ̀rọ̀ mi lójú mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti rí máàpù ló ti rọra kó gbogbo tábìlì kúrò ní igun yẹn, láìsọ fún mi. Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ó gbọ́ ìró kan lábẹ́ ilẹ̀ bí ìgbà tí aṣọ ń fà ya. Kò pariwo. Ó ní kí àwọn ọmọ tò, pé eré ti yá. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kà wọ́n: méjìdínlọ́gbọ̀n. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ láti àárọ̀ ti sùn lọ, ó gbórí lé tábìlì ní ìlà kejì.

Ó padà wọlé. Igun náà ti là, ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ síbẹ̀, àwọn tábìlì sì ń yọ̀ lọ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbá ọmọ náà mú, ó sì jù ú sọ́wọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe fẹ́ gbẹ́sẹ̀ tẹ̀ lé e ni ilẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́ síbi méjì. Káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù lódì kejì títì ló gbé àkàbà wá, ó tẹ́ ẹ lélẹ̀, ó fàyà wọ́ lórí rẹ̀, ó sì fà á jáde. Káfíńtà yìí ti ṣe tán láti wá sọ ohun tó rí nínú ihò náà níwájú yín: ìgò, agolo tó ti dípẹtà, àkísà, àti omi. Ó tẹnu mọ́ ọn pé omi náà ń ṣàn.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi da kọnkéré sínú ihò náà, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ padà, wọ́n sì kun ògiri. Bárò mọ́kàndínlógún ni káfíńtà kà. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì pé àtúnṣe ti parí, pé kí àwọn ọmọ padà sí kíláàsì wọn ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ọjọ́ kejì tí wọ́n lẹ ìwé náà ni ìwé ẹ̀sùn bá ọmọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, pé kó wá wí tẹnu rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, ìdí tí ìyà kò fi ní jẹ ẹ́ fún kọ́bọ́ọ̀dù wúwo tó gbé sí igun náà. Ẹ̀yin Ọ̀gá, kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló wà nínú kíláàsì yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló wà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Kòtò náà fẹ̀ tó ọgọ́ta ìṣísẹ̀. Ìdọ̀tí ló kún inú rẹ̀, omi sì ń gbé ìdọ̀tí náà lọ díẹ̀díẹ̀. Bárò kọnkéré mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi dí ojú rẹ̀. Ọmọ méjìdínlọ́gọ́fà ló ń jókòó nínú àwọn kíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ ìhà ilé náà ní ọjọ́ Ajé. Ẹ rán àwọn tó mọṣẹ́, tí kò bá ọ́fíìsì tó kọ́ ọ tan, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Bí wọn kò bá rí kòtò, n ó wá síwájú yín láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnjiníà náà, lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí máàpù náà padà sáyè rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fìyà jẹ akọ̀wé tó ṣí ìwé fún mi, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sí ọmọ mi, ẹ bá mi ní kí wọ́n gbà á padà. Mo fi ẹ̀dà ohun tí mo dà kọ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Èyí tó ní òǹtẹ̀ gan-an wà níbi tí ọwọ́ kò ti ní tètè tó o.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Nínú ìwé yìí tí mo kọ́kọ́ kọ, mo pe ọmọ mi ní “olùkọ́ kan” lásán, kí wọ́n má bàa mọ̀ pé èmi ni bàbá rẹ̀. Lánàá, mo kà á fún un ní ọsibítù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìdì funfun láti orúnkún dé ọmọ ìka, ó sì tẹjú mọ́ àjà títí mo fi kà á tán. Ó ní, “Bàbá, ẹ tún un kọ. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ yín ni mí. Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo ní kí ẹ dákẹ́, pé nítorí iṣẹ́ mi ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀.” Mo ní kò pọn dandan. Ó ní ó pọn dandan, ó sì na ọwọ́ kí n fún òun ní bírò.

Ní ọjọ́ Ajé, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, n ó wà lẹ́nu géètì ilé ìwé náà. Òbí tó bá mú ọmọ dé ni n ó fi máàpù hàn. Inú mi yóò dùn bí mo bá bá aṣojú yín níbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìdí.

Àwa tí a ń retí yín,

Bàbá Onílẹ́tà,
Òṣìṣẹ́ ilé-ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin,
Olùkọ́ kíláàsì ìparí, ìhà tuntun. Wọ́ọ̀dù Kẹrin, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.