Bàbá Ní Ẹ Ò Yẹ Àdéhùn

Bọ̀dá mi Tàófíìkì,

Gbogbo ilé kí yín kú iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀. Ràmọ́tà mi ń hu eyín, ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, àmọ́ ó ti ń mu ọyàn dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Ẹ ní wọ́n ń gbé yín lọ sójú ogun fún ọdún kan, ẹ ó sì máa sanwó ilé tẹ́nikẹ́ni ò ní gbé, torí pé ẹ ti fọwọ́ síwèé àdéhùn ilé náà. Mo ka òfin tí ẹ fi ránṣẹ́. Ó wú mi lórí pé wọ́n ro ti sójà tó bẹ́ẹ̀: tí ẹ bá kọ̀wé sí onílé, tí ẹ fi ìwé àṣẹ tó ń gbé yín lọ mọ́ ọn, ẹ lè jọ̀wọ́ ilé láìsan owó ìtanràn. Ẹ ní ojú Bàbá ló ń tì yín, kí wọ́n má baà ní ẹ yẹ àdéhùn.

Mo kà á sí wọn létí nídìí máṣíìnì. Ẹ mọ̀ wọ́n, télọ̀ tó fi ibà rìn dé Ìgbájọ torí pé ọjọ́ aṣọ oníbàárà pé. Wọ́n ní kí n tún un kà, wọ́n wá ní:

"Ẹni tó ṣòfin yìí gbọ́n. Ṣé Tàófíìkì ló gbé ara ẹ̀ lọ ni? Kò yẹ àdéhùn. Àbí èkúté ló fẹ́ máa sanwó ilé fún?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé náà kí ẹ tó di ẹrù. Ọlọ́hun á sìn yín lọ, á sìn yín bọ̀. Bàbá ti gé bùbá tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ bá dé. Wọ́n ní èyí ni àdéhùn tí àwọn ò ní gbà kí ẹ yẹ̀.

Àbúrò yín,
Fáòsíátù