Ẹni Tó Ń Kín Ọ̀rọ̀ Wa Lẹ́yìn

Yàrá Ìpàdé Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́,
Ọjọ́rú, ìparí oṣù.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé Màmá ń gbádùn? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó àlàáfíà, nítorí mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ jókòó pẹ́. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yàn mí ní akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní akọ̀wé kóòtù ló bí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ ò mọ̀ pé n kò ní ráyè jókòó jẹun. Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù yìí, omi ò yọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n sún ìdánwò síwájú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí a tó mí, ètò ìkíni-káàbọ̀ àwọn ọmọ tuntun ti dé. Lẹ́tà sí ọ̀gá yìí, lẹ́tà sí ọ̀gá yẹn. Ààrẹ wa, tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Gbohùngbohùn, a sì máa bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òdìkejì odò la wà.

Bí a ṣe ń ṣe ìpàdé ni pé ẹnìkan á dábàá, ẹlòmíràn á kín in lẹ́yìn, èmi á kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀. Láìsí ẹni kejì, àbá ti kú nìyẹn. Àwa méje péré la wà nídìí tábìlì. Láti ìpàdé àkọ́kọ́, bí Gbohùngbohùn bá ti béèrè pé ta ló kín in lẹ́yìn, ohùn ọkùnrin kan á dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ẹ̀yìn pé, "Mo kín in lẹ́yìn." Orí ìwé ni ojú mi máa ń wà. Alábòójútó eré ìdárayá, tí a ń pè ní Jẹ́jẹ́, ló jókòó sí ìparí tábìlì, n kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé etí akọ̀wé wọn di. Orúkọ rẹ̀ ni mo ń kọ. Òun náà ń bọwọ́ lù ú láìsọ nǹkan kan.

Ní ìpàdé kẹrin ni mo gbójú sókè. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wọlé dé ẹsẹ̀ tábìlì. Jẹ́jẹ́ gbé ife sẹ́nu, ó ń mu omi lọ́wọ́, ohùn náà sì dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, láti orí bẹ́ǹṣì abẹ́ fèrèsé tí kò sẹ́ni tó jókòó sí. Bàbá, gbogbo irun ara mi ló dìde. Mo wo àwọn yòókù, kò sẹ́ni tó yíjú. Wọ́n ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ omi. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tún ń tì mí. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Mo tún kọ orúkọ Jẹ́jẹ́.

Mo dọ́gbọ́n bi ìyá tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ nípa bẹ́ǹṣì náà. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi kì í nù ún. Gbogbo ilé yìí ni eruku ń bò, àfi ibẹ̀ yẹn." Ó gbé garawa rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Gbohùngbohùn dábàá pé kí a ṣí bákónì onígi inú gbọ̀ngàn àtijọ́, kí àyè lè gba àwọn ọmọ tuntun. Káfíńtà ilé ẹ̀kọ́ ti fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ààrẹ béèrè ẹni tó kín in lẹ́yìn. Kẹ́kẹ́ pa. A dúró. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ohùn yẹn ni gbogbo wa ń retí, pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ nínú wa. Kò dáhùn. Ààrẹ tún béèrè, pàbó ló já sí. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, kọ orúkọ tó o máa ń kọ, jàre. Àsìkò ń lọ." Mo kọ ọ́, Bàbá. Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, bákónì náà já. Ọmọ méjì dá lẹ́sẹ̀. Igi kan bá ọmọbìnrin kan lórí, kò sì tíì lajú láti ọjọ́ náà. Kò tíì lo oṣù kan nílé ẹ̀kọ́. Ìgbìmọ̀ olùwádìí gba ìwé mi, orúkọ méjì ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n ní àwọn méjèèjì ń lọ sílé. Gbohùngbohùn ń pariwo káàkiri. Jẹ́jẹ́ ti ń di ẹrù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún àṣekágbá rẹ̀ nìyí, òun sì ni àkọ́bí opó.

Mo lọ bá a ní yàrá rẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tó fi bọwọ́ lu ohun tí kò sọ. Ó ní, "Ohùn mi ni. Láti ìpàdé àkọ́kọ́ ni mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi lẹ́yìn mi, mi ò sì lanu. Mo rò pé orí mi ti fẹ́ máa dàrú. Tí mo bá wá rí orúkọ mi nínú ìwé ẹ, ọkàn mi á balẹ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ bákónì yẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àmọ́ mo rí orúkọ mi, mo sì gbà pé mo ti sọ ọ́. Ìwọ kì í ṣàṣìṣe." Mo sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ó gba ìwé mi gbọ́ ju etí ara rẹ̀ lọ.

Mo ti kọ òótọ́ sílẹ̀ báyìí. Aago mẹ́wàá ọ̀la ni màá kà á fún ìgbìmọ̀: pé n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Jẹ́jẹ́, mo sì fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n lé mi. Bí ẹ bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n wọlé kí ẹ tó bá mi wí.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ̀yin àti Màmá jẹun ọmọ pẹ́, kí ojú má tì yín nítorí mi ju báyìí lọ.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin kan ṣoṣo,
Akọ̀wé.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí nígbà tí wọ́n wá sọ pé ọmọbìnrin náà ti lajú. Èmi àti Jẹ́jẹ́ sáré lọ sí ọsibítù. Jẹ́jẹ́ kàn ní, "Pẹ̀lẹ́ o," ọmọ náà bá yíjú sí i, ó ní, "Ẹ ṣé, bọ̀dá." Ó ní ohùn yẹn ló ń pe òun láti ìsàlẹ̀ pé, "Sọ̀ kalẹ̀, sọ̀ kalẹ̀," òun sì ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kí igi tó ya. Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ mi mú. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí bákónì já, pápá bọ́ọ̀lù tó wà ní òdìkejì ìlú ló wà. Òun ni rẹfirí, fèrè sì wà lẹ́nu rẹ̀.